Ewé Tíì Dúdú: Kí Ló Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Ife Láàárín Ìṣẹ́jú 6?

Lọ́dọ̀ wa, ohunkóhun tó bá ti gbóná nínú ife, tíì ni. Milo, tíì ni. Bournvita, tíì ni. Bẹ́ẹ̀ kòkó ló wà nínú àwọn yẹn. Tíì gan-an, ewé igi kan ni, Camellia sinensis. Wọ́n ń gbìn ín ní Nàìjíríà níbí, lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí ilẹ̀ ti ga, tí òtútù sì wà. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí ni tíì dúdú eléwé, tí wọn ò lọ̀ kúnná sínú àpò kékeré.

Báwo ló ṣe di dúdú?

Tí wọ́n bá já ewé náà, wọ́n á jẹ́ kó rọ, wọ́n á rún un, wọ́n á wá fi sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i kí wọ́n tó fi ooru gbẹ ẹ́. Ṣé ẹ ti rí i bí ikàn tí a gé ṣe máa ń yí àwọ̀ padà tó bá pẹ́ díẹ̀? Ohun kan náà ni. Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ polyphenol oxidase ń lo ọ́síjìn láti sọ àwọn èròjà catechin inú ewé di theaflavin àti thearubigin. Àwọn méjèèjì yìí ló ń fún tíì ní àwọ̀ pupa rẹ̀.

Ẹ dán an wò

Ẹ wá ife 3. Ẹ fi ṣíbí kékeré 1 ewé tíì, nǹkan bíi gíráàmù 2, sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sí i, mìlílítà 100 péré, kí ẹ sì dé e, kí òórùn dídùn rẹ̀ má bàa fò lọ. Ẹ sẹ́ ife àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1, ìkejì lẹ́yìn 3, ìkẹta lẹ́yìn 6. Ìlànà àgbáyé ISO 3103, tí àwọn tó ń tọ́ tíì wò ń lò, ìṣẹ́jú 6 yìí náà ló sọ.

Ẹ má fi ṣúgà sí i o. Ẹ fi ṣíbí bù ú, kí ẹ fà á sẹ́nu pẹ̀lú ariwo bí ẹni ń mu ògì gbígbóná. Kì í ṣe ìwà àìmọ̀wàáhù. Bí ẹ ṣe ń fà á yẹn ló ń gbé òórùn rẹ̀ gba ẹ̀yìn ọ̀fun lọ sí imú.

Ife àkọ́kọ́ á fẹ́lẹ́. Caffeine, tó wà nínú obì náà, tètè máa ń jáde sínú omi. Àwọn polyphenol ńláńlá ló ń fà sẹ́yìn. Nígbà tó bá fi máa di ìṣẹ́jú 6, wọ́n á ti jáde dáadáa, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lẹ́nu: ahọ́n á fà pọ̀ bí ìgbà téèyàn jẹ èso kajú. Wọ́n ń so mọ́ purotéènì inú itọ́ ni, ẹnu á wá gbẹ. Mílíìkì máa ń rọ̀ ọ́ nítorí pé purotéènì tirẹ̀ náà ń dì mọ́ wọn. Tíì inú àpò tètè máa ń le nítorí pé ewé rẹ̀ kúnná. Bí ata lílọ̀ ṣe ń yára ta ju odidi ata lọ nìyẹn.

Ibi tọ́rọ̀ ti kan ẹ̀jẹ̀ wa

Polyphenol yìí kan náà máa ń so mọ́ èròjà irin inú oúnjẹ wa, pàápàá ti inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ara ò sì ní lè gbà á dáadáa mọ́. Irin yìí sì ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀, tó wá ń fi tíì tó le sìn ín, ọwọ́ kan ló ń kó wọlé, tí ọwọ́ kejì ń kó jáde. Aláboyún, àwọn obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù àti àwọn ọmọdé ni mo ń bá wí jù.

Kì í ṣe pé kí ẹ má mu tíì o! Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí 1 lẹ́yìn oúnjẹ. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ nǹkan fi sin ẹ̀wà, ẹ jẹ ọsàn: fítámìnì C inú rẹ̀ máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin.

Tẹ́ ẹ bá ti tọ́ ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, ẹ sọ èyí tó bá yín lẹ́nu mu fún mi. Ìṣẹ́jú 3 ni tèmi.