OWÓ ILÉ ÀTI ÌGBÉYÀWÓ

Ẹ̀yin ará, owó oṣù ń wọlé lóṣooṣù, ṣùgbọ́n onílé púpọ̀ a máa gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí èyí ni ọkọ mìíràn fi ń dá aya rẹ̀ padà sílé. Ìkòkò a di méjì, owó ọkọ̀ a kún un, ọkàn a sì máa jìnnà. Òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti ọdún 1970 wí pé bí tọkọtaya bá ti pínyà fún ọdún 2 gbáko, tí ẹnìkejì kò sì ṣàtakò, ilé-ẹjọ́ lè tú wọn ká. Yàrá kan tí a jùmọ̀ gbé sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó ilé bá jẹ́ ₦240,000 lọ́dún, ẹ máa fi ₦20,000 pamọ́ lóṣooṣù, kí ọkọ àti aya sì jọ mọ ibi tí ó wà.