Ajá Kékeré Tó Ti Darúgbó Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ ajá la máa sọ lónìí, ajá kékeré ilé wa tó ti ń darúgbó. Ẹlòmíì á ní: “Èèyàn ò tíì jẹun yó, ẹ ń sọ̀rọ̀ ajá?” Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ yín.

Bí ajá kékeré bá ti tó ọdún 10, ó ti dàgbà nìyẹn. Irun ẹnu ẹ̀ á funfun, ojú á ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ á máa le nígbà tó bá ń dìde láàárọ̀. A máa ń pa á lówe pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ti ajá arúgbó kọ́ nìyẹn o, etí ẹ̀ ló di! Tí ẹ bá pè é tí kò dáhùn, ẹ má nà án. Ẹ gba iwájú ẹ̀ lọ kó lè rí yín, torí ajá tí wọ́n bá fọwọ́ kàn lójijì lójú oorun lè géèyàn jẹ.

Oúnjẹ ẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ajá tí a ní ó kọ oúnjẹ, ebi ń pa á, eyín ló ń dùn ún. Ẹ po ẹ̀kọ tàbí ìrẹsì tó rọ̀ dáadáa, ẹ wó ẹja sí i, kí ẹ yọ egungun kúrò. Ẹ má fi ata sí i. Àlùbọ́sà, ẹ má dán an wò, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìẹ tí a ti sè náà máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó lè gún ìfun ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fún un, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí omi mímọ́ sì wà nítòsí. Oògùn ara ríro tí ẹ rà lọ́jà fún ara yín kì í ṣe ti ajá. Irú ibuprofen lè pa á.

Wàyí o, ogbó kì í dé lọ́jọ́ kan. Oṣù lórí oṣù ló ń wá. Àmọ́ tí ìwà ajá bá yí padà láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí ohùn ẹ̀ yí, tí itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, tí kò lè gbé omi mì, tó ń sá pamọ́ tàbí tó ń gé ohun gbogbo jẹ, ẹ má sọ pé ogbó ni. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹ̀ láti wò bóyá egungun há a lọ́fun. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Ẹni tó bá ti gé jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró wò ó. Tí àmì àrùn yìí bá ti hàn lára èèyàn, agbára káká ni kó yè é.

Ìdí nìyẹn tí ajá arúgbó fi gbọ́dọ̀ máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lọ́dọọdún bíi ti ọ̀dọ́. Àwọn kan ń bi mí pé kí lèèyàn tún ń náwó lé e lórí sí. Ṣé eyín tó kù lẹ́nu ẹ̀ kò tó gé ọmọ jẹ ni?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, kí ẹ tó túká, ẹ ka iye ajá tó wà ní agbolé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì béèrè èwo ló ti gba abẹ́rẹ́ lọ́dún yìí. Ẹ kọ èyí tí kò tíì gbà sílẹ̀, kí ẹ jọ kó wọn lọ bá dókítà ẹran lọ́jọ́ kan náà.