Oúnjẹ àti Ọ̀tá: Ohun tí ó ń Darí Àwọn Ẹ̀dá Àìfojúrí inú Adágún Ọ̀yán

Iṣẹ́ yìí dá lé àwọn ẹ̀dá tíńtìntín tí ojú lásán kò lè rí nínú omi adágún, àti ohun tí ó ń mú irú kan pọ̀ ju òmíràn lọ. Adágún ìsédò Ọ̀yán, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní ọdún 1983, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà sí Abẹ́òkúta lọ, lára ète tí a sì fi kọ́ ọ ni omi lílò fún ará Abẹ́òkúta àti Èkó.

Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá a máa gbá ajílẹ̀ oko àti ìgbẹ́ ẹran wọ inú irú adágún bẹ́ẹ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójìnì tí ó wà nínú wọn ni oúnjẹ tí à ń wí. Ní ilẹ̀ Kánádà, ní ọdún 1973, àwọn onímọ̀ fi aṣọ ìkélé ńlá pín adágún kan tí wọ́n ń pè ní Lake 226 sí méjì. Wọ́n da náítírójìnì àti kábọ́ọ̀nù sí apá méjèèjì, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni wọ́n fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kún. Apá náà ni omi rẹ̀ di aláwọ̀ ewé. Àwọn bakitéríà kan wà lára ohun tí ń sọ omi dà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní oró, bí a bá sì se omi náà, oró ọ̀hún kì í kúrò.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kọ́ ni ó ń pàṣẹ. Àwọn ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan tí ń fi ìrù lúwẹ̀ẹ́ a máa gbé bakitéríà mì. Àwọn bakitéríà mìíràn a wá so kọ́ ara wọn bí okùn gígùn, kí ẹnu ọ̀tá má baà gbà wọ́n. Fáírọ́ọ̀sì pẹ̀lú ń pa wọ́n: irú tí ó bá pọ̀ jù ni ó máa ń tètè rí pa, ohun tí ó bá sì tú jáde lára òkú wọn a di oúnjẹ fún àwọn tí ó kù.

Ìwé àwọn òyìnbó a máa sọ pé bí ẹja ńlá bá pa ẹja kékeré jẹ, kòkòrò omi tí ń jẹ ewéko tíńtìntín yóò pọ̀, omi yóò sì mọ́. Kí olùkọ́ wa má gbé àwòrán yìí lọ sí kíláàsì bẹ́ẹ̀. Kòkòrò omi tí ó tóbi ṣọ̀wọ́n nínú omi gbígbóná tiwa, ẹja epìyà fúnra rẹ̀ sì ń jẹ ewéko náà.

Fún ìdánrawò, kí a bu omi adágún sínú ìgò méjì, kí a fi ajílẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀kan, kí a gbé méjèèjì sí ojú ìmọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Agolo tí a so mọ́ orí igi gígùn ni kí a fi bu omi náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má fi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́, nítorí ìgbín kéékèèké inú adágún náà ni ó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá.