Ẹ̀kọ́ Lórí Ọkọ̀ Akẹ́rù tí Ó Ń Lọ́ra Láti Gbéra

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lo epo dísù bá dúró ní oríta, tí awakọ̀ sì tẹ tọ́tù, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ń rá pálá bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀, ewu wà níbẹ̀. Ẹni tí ń bọ̀ ní apá kejì kò mọ̀ pé ọkọ̀ yìí kò ní lè tètè kúrò lójú ọ̀nà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ òkè ni ó ti dúró, tí àpò kókò 80 wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wúwo tó kìlógíráàmù 64, ẹrù tí ó ju tọ́ọ̀nù 5 lọ ni yóò máa fà á padà sẹ́yìn. Nítorí náà, àìsàn yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe èyí tí a ń fi owó ńlá bẹ̀rẹ̀ ìwòsàn rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá wádìí lè ta kókò rẹ̀ tán lórí pọ́ǹpù tuntun, kí ó sì jẹ́ pé eruku lásán ni ó dí ibi tí ọkọ̀ fi ń mí.

Rudolf Diesel, ará ilẹ̀ Jámánì, ni ó ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí, èyí tí ó ṣiṣẹ́ yọrí ní ìlú Augsburg ní ọdún 1897. Kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ta iná bí ti ọkọ̀ bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń fà wọlé. Písítìnì yóò sì fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ títí yóò fi kù bí ìdá kan nínú ìdá 16 tàbí 20 àyè tí ó gbà tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a fún bẹ́ẹ̀ a máa gbóná ju ìwọ̀n 500 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí nọ́sù bá ti fọ́n epo sí i, iná yóò ràn. Afẹ́fẹ́ tí ó tó, epo tí ó tó, àti ìfúnpọ̀ tí kò jò ni agbára rẹ̀ dúró lé. Ṣùgbọ́n agbára lè wà nínú ẹ́ńjìnnì kí ó má dé ẹsẹ̀ ọkọ̀, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀.

Kí awakọ̀ fi etí sílẹ̀ dáadáa. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké sókè kíákíá tí ọkọ̀ kò sì tẹ̀lé e, ara kílọ́ọ̀ṣì ni kí a kọ́kọ́ wò. Kí a gbé ọkọ̀ sí ibi títẹ́jú tí kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀, kí a fa bíréèkì ọwọ́ le, kí a fi jíà gíga sí i, kí a sì rọra jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá dára, ẹ́ńjìnnì yóò kú lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ń ké lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán. Àmọ́ awakọ̀ tí ó bá fi jíà kẹta gbéra nítorí ọ̀lẹ kò gbọdọ̀ ka ẹ̀sùn sí ọkọ̀ lẹ́sẹ̀.

Bíréèkì tí kò tú tán a máa di ọkọ̀ mú pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, kí a na ẹ̀yìn ọwọ́ sí irin àárín táyà kọ̀ọ̀kan láìfi kàn án. Èyí tí ó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ ni ó ń jẹ agbára ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ ńlá tí ó ń fi afẹ́fẹ́ tú bíréèkì, páìpù tí ń jò lè mú kí ó má tú tán.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ń lọ́ra láti gòkè, kí a pa á, kí ẹnì kan tẹ tọ́tù dé ilẹ̀, kí ẹlòmíràn sì wò bóyá apá tí ó wà lára pọ́ǹpù rìn dé òpin rẹ̀. Okùn irin a máa fà gùn; ẹní tí a tẹ́ sí ẹsẹ̀ awakọ̀ pàápàá lè ká sábẹ́ tọ́tù. Owó kékeré kan kò sí nínú èyí.

Lẹ́yìn èyí ni kí a wo èéfín, nítorí èéfín ni ahọ́n ẹ́ńjìnnì dísù. Bí ó bá dúdú kirikiri nígbà tí ọkọ̀ ń gbéra, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ní ìgbà ọyẹ́, tí eruku bo gbogbo ọ̀nà oko, asẹ́ afẹ́fẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fílítà ni kí a kọ́kọ́ yọ wò. Bí asẹ́ bá mọ́, kí a wo rọ́bà tí ó ń gbé afẹ́fẹ́ láti ara tọ́bò wọ ẹ́ńjìnnì, bóyá ó ti ya. Ó sábà máa ń súfèé nígbà tí ọkọ̀ bá ń fa ẹrù. Èéfín tí ń jáde ni ó ń yí tọ́bò, nítorí náà tọ́bò kì í jí lójú ẹsẹ̀, ìdúró díẹ̀ kì í sì í ṣe àrùn. Benz 911 àtijọ́ kò ní tọ́bò rárá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ olówó ọkọ̀.

Bí ọkọ̀ bá ń lọ́ra tí kò sì yọ èéfín, ebi epo ni ó ń pa á. Kí a tú omi ìsàlẹ̀ asẹ́ epo dànù, pàápàá ní ìgbà òjò, kí a pààrọ̀ asẹ́ náà bí ó bá ti pẹ́, kí a sì wò bóyá ihò ìmí táńkì ti dí. Ohun kékeré kan wà tí a sábà máa ń gbàgbé. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tọ́bò tí kò lo kọ̀ǹpútà, páìpù tín-ín-rín kan wà tí ó ń ròyìn agbára tọ́bò fún pọ́ǹpù. Bí ó bá já, pọ́ǹpù yóò rò pé afẹ́fẹ́ kò tíì dé, kò sì ní fún ẹ́ńjìnnì ní epo tí ó tó. Nínú ọkọ̀ òde òní, ẹ̀rọ atọ́ka kan ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, kọ̀ǹpútà mẹkáníìkì sì lè ka àléébù rẹ̀.

Èéfín tí ó dà bí aró ń sọ pé òróró ẹ́ńjìnnì ń jó. Bí èyí bá wà, tí ọkọ̀ sì ṣòro láti tẹ ní òwúrọ̀, tí èéfín ń tú pùú ní ẹnu ibi tí a ń da òróró sí, ìfúnpọ̀ ti ń jò. Ìgbà yìí ni ó tó kan iṣẹ́ olówó ńlá.

Kí a má ṣe gbọ́ ẹ́ńjìnnì nínú ilé tí a sé, nítorí ní ọdún 2012 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé èéfín dísù ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọwọ́ wá ibi tí epo ti ń jò lára nọ́sù tí ń ṣiṣẹ́. Epo náà a máa gún awọ ara wọlé, ojú ihò rẹ̀ a sì kéré bí ti abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ lè jẹrà láti inú wá. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbé ẹni náà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, bí kò tilẹ̀ tíì dùn ún.