Ọ̀fẹ́ àti Òmìnira: Bí A Ṣe Lè Rí Ètò Tó Dára fún Kọ̀ǹpútà Ilé Láìnáwó

Ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá sórí ògiri lọ́sẹ̀ yìí dá lórí ètò kọ̀ǹpútà, ìyẹn ohun tí gbogbo wa ń pè ní software. Ètò ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó ṣe báyìí, kó ṣe tọ̀hún. Kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò nínú kò yàtọ̀ sí rédíò tí kò ní bátìrì.

Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "free", tí wọ́n fi ń sọ nǹkan méjì. Yorùbá kò da méjèèjì pọ̀ ní tiwa. Ohun tí a kò sanwó fún, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí kò sí lábẹ́ ìdè, ó ní òmìnira. Tí ẹnì kan bá gbé iyán fún yín, ọ̀fẹ́ lẹ jẹ. Ṣùgbọ́n tó bá fún yín ní èbù iṣu, tó ní kí ẹ gbìn ín bó ṣe wù yín, kí ẹ sì fún ará àdúgbò nínú ohun tí ẹ bá wà, òmìnira nìyẹn. Ìyàtọ̀ yìí ni kókó ẹ̀kọ́ òní.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍBẸ̀?

Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB ti ń ṣe ìdánwò UTME. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kan máòsì rí, ọjọ́ ìdánwò ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn òbí kan fi ń ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ wálé. Owó á ti tán sórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kò ní ku nǹkan kan fún ètò. Ibẹ̀ ni "crack" ti ń rí ọ̀nà wọlé.

Crack ni ètò olówó tí ẹnì kan ti já àgádágodo rẹ̀, tó wá ń pín in kiri. Ó ti dé ilé wa rí. Màmá mi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn obìnrin kan ní àdúgbò wa. Ẹni tó bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ló fi Office tí wọ́n ti já sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo fódà di "shortcut": ẹ tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ owó obìnrin mẹ́tàlélógójì ló wà nínú ẹ̀, iye tí kálukú dá àti iye tí kálukú yá. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé nótù tí màmá mi kọ́kọ́ kọ ọ́ sí! Alẹ́ mẹ́rin la fi jókòó, wọ́n ń kà, mò ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní owó olówó kò gbọdọ̀ sọnù lọ́wọ́ àwọn.

Ọ̀pọ̀ crack ló máa ń sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus. Àlejò tó bá ní kí ẹ so ajá ilé mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé lóru, ṣé àlejò rere ni? Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin orílẹ̀-èdè wa, Copyright Act 2022, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà kọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

ORÍṢI MẸ́RIN

1. Ètò òmìnira. Ẹ lè lò ó fún ohun tó bá wù yín, ẹ lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹ lè tún un ṣe, ẹ sì lè dà á kọ fún ọ̀rẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Richard Stallman ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ ìpolongo yìí lọ́dún 1983. LibreOffice, VLC àti 7-Zip wà nínú irú èyí.

2. Ètò ọ̀fẹ́ tó ní ààlà. GeoGebra, tó ń ya gíráàfù àti igun fún ìṣirò, jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń fi kẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò gbọ́dọ̀ gba àṣẹ.

3. Ètò ìtọ́wò. WinRAR fún yín ní ogójì ọjọ́ láti tọ́ ọ wò, lẹ́yìn náà ó yẹ kí ẹ sanwó.

4. Ètò tí wọ́n jí. Crack nìyẹn. Kò sanwó lónìí, ó lè gba gbogbo ohun tí ẹ ní lọ́la.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA KÍ Ẹ TÓ FI ÈTÒ SÍNÚ KỌ̀ǸPÚTÀ

Àkọ́kọ́: ta ló ṣe é, ibo sì ni ilé ẹ̀? Ẹ lọ sí ilé ẹni tó ni ín. VLC wà ní videolan.org, LibreOffice wà ní libreoffice.org, 7-Zip wà ní 7-zip.org. Tí ẹ bá wá orúkọ rẹ̀ lórí Google, ohun tó kọ́kọ́ jáde lè jẹ́ ìpolówó, torí náà ẹ ka àdírẹ́sì dáadáa. Àwọn ojú ewé kan wà tí wọ́n máa ń to bọ́tìnnì "Download" mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tó sì jẹ́ pé ẹyọ kan ló jẹ́ òótọ́.

Ìkejì: irú ìwé àṣẹ wo ló ní? Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "License" sí. Tí ẹ bá rí GPL, LGPL tàbí MPL, ètò òmìnira ni. Tí ẹ bá rí "Trial", ìtọ́wò ni.

Ìkẹta: kí ló ń béèrè lọ́wọ́ yín? Tó bá ní kí ẹ pa antivirus, tàbí kó máa béèrè nọ́ńbà káàdì ATM bàbá yín fún ohun tó pè ní ọ̀fẹ́, ẹ sá fún un.

ÀWỌN TÓ WÚLÒ NÍLÉ

LibreOffice ń ṣe iṣẹ́ lẹ́tà, iṣẹ́ ìṣirò owó, àti èyí tí à ń fi kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 2010 ló bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣí fáìlì Word àti Excel. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ lọ tẹ ìwé ní káfẹ̀, ẹ fi pamọ́ bíi PDF, kí ìlà má baà yẹ̀ kúrò ní ipò ẹ̀. Èyí la fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ màmá mi báyìí. Ó ń lọ sí 350 MB, ẹ jẹ́ kí data yín pọ̀ díẹ̀.

VLC ń ṣí fíìmù àti orin, bóyá àtijọ́ ni tàbí tuntun. Kò tó 50 MB. Ẹ gbọ́ eléyìí: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Paris ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1996, torí wọ́n fẹ́ máa wo fídíò lórí ẹ̀rọ ilé-ìwé wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni wọ́n!

7-Zip ń di fáìlì pọ̀, ó sì ń tú u. Kò tó 2 MB. Ẹni tó bá ní in kò nílò WinRAR mọ́.

Kiwix ń jẹ́ kí ẹ ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó dáńlóòdù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ti èdè Yorùbá náà wà níbẹ̀.

Linux wà fún kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró lọ́jọ́ 14, oṣù kẹwàá, 2025, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kò sì lè gba Windows 11. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Finland, ló bẹ̀rẹ̀ Linux lọ́dún 1991. Ọmọ South Africa kan, Mark Shuttleworth, ló dá ẹ̀yà rẹ̀ tó ń jẹ́ Ubuntu sílẹ̀ lọ́dún 2004. Ẹ lè ti inú fíláàṣì tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì yín sí ibòmíràn o.

ÈDÈ WA ŃKỌ́?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí. Ọkọ ló ń fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ la fi ń kọ ebè, ọkọ̀ là ń wọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ lọ Adó, ọ̀kọ̀ sì ni jagunjagun ń jù. Tí ẹ bá tẹ̀ wọ́n láìsí àmì, gbogbo wọn di "oko", ibi tí a ti ń gbin iṣu! Títí di báyìí, bírò la fi ń kọ àmì sórí ìwé ìròyìn Yorùbá wa lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán.

Kò pọn dandan mọ́. Windows fúnra rẹ̀ ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú: ẹ wọ Settings, ẹ wá Language, ẹ fi Yoruba kún un. Ní Ìbàdàn, Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti iléeṣẹ́ Alt-i ti ṣiṣẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName.com náà gbé tiwọn jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún Windows àti Mac. Tí àmì bá ń fò kúrò lórí lẹ́tà, ẹ lo fọ́ọ̀ntì Gentium tàbí Noto. Inú LibreOffice ni wọ́n máa ń bá wá.

ÀBÁ MI

Data wọ́n, kò sì yẹ kí èèyàn ogún dáńlóòdù ohun kan náà. Níwọ̀n bí ètò òmìnira ti gbà wá láàyè láti dà á kọ, mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa ní fíláàṣì kan tí a óò kó wọn sí láti ilé ẹni tó ṣe wọ́n, kí olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa fi antivirus yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ á wá dà á kọ. Kò sí olè níbẹ̀, kò sì sí ìtìjú.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

1. Ẹ dárúkọ ètò mẹ́ta tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé yín tàbí ti ilé ìwé. Oríṣi èwo nínú mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín GeoGebra àti LibreOffice ní ti àṣẹ?
3. Ẹ tẹ orúkọ yín ní kíkún pẹ̀lú àmì, ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìwé yìí.