Onílé Tí Ó Ń Béèrè Ọ̀nà

Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:24–28

A máa ń wí pé ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwa tí a wá ṣiṣẹ́ ní Wàrí mọ òwe yìí dáadáa, nítorí àlejò ni wá níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí onílé kan tí kò dẹ́kun láti máa béèrè.

Ní nǹkan bí 1809 ni a bí Samuel Àjàyí Crowther ní Òṣogùn. A kó o lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, ó sì dé Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, ó sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Ní 1843 a tẹ ìwé tí ó ṣe lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá. Ẹlòmíràn ì bá wí pé, “Ọmọ Yorùbá ni mí, mo kàwé, mo sì ti tẹ̀wé, kí ni mo tún ń wá?”

Crowther kò wí bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń túmọ̀ Bíbélì, ó ń wá àwọn tí ó gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀ kiri. Ó ń tẹ́tí sí àwọn àgbà, àti àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́ pàápàá, ó sì ń kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Ní 1862 iná jó àkọsílẹ̀ ọdún 11. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: ọdún mọ́kànlá! Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1864, ọdún tí a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ìwé rẹ̀ lórí èdè Nupe jáde.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sí ìdí iṣẹ́ wa. Mẹ́káníìkì tí ó gba fìrídọ̀ọ̀mù nígbà tí mọ́tò gbogbo ń lo kabúrétọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí a ń gbé wá bá a nísinsin yìí ní kọ̀ǹpútà nínú. Bí ojú bá ń tì í láti bi ọmọdékùnrin tí ó mọ̀ ọ́n léèrè, yóò máa tú u, yóò máa tò ó, títí oníbàárà yóò fi wọ́ mọ́tò rẹ̀ lọ sí Ẹ̀fúrùn. Àpólò mọ̀wé púpọ̀, síbẹ̀ ó gbà kí tọkọtaya tí ń pa àgọ́ ta kọ́ ọ. (Àwa ọ̀gá náà, ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun jíjágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́ tí ó bá béèrè lẹ́ẹ̀mejì.)

Ẹ̀yin ìyá wa tí ń tajà ńkọ́? Ẹlòmíràn ti lo 20 ọdún nílùú yìí, ọmọ Urhobo kúnlẹ̀ kí i ní “Migwo,” kò sì mọ̀ pé “Vrẹndo” ni a fi ń dáhùn. Èdè Itsekiri pàápàá bá tiwa tan, ẹni tí ó bá fi sùúrù tẹ́tí yóò máa gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Oníbàárà kì í pẹ́ mọ ẹni tí ó ka òun sí.

Ní kíláàsì, kí olúkúlùkù sọ ohun kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí kò tíì yé e, àti ẹni tí ó lè bi léèrè kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ mú pẹ́ńsùlù wá.