Bí Mo Ṣe Ń Bá Oògùn Ọkàn Gbé

Àbúrò mi, bí bàtà ọdún rẹ ò bá gba ẹsẹ̀ rẹ mọ́, tó o sì ń mí hẹlẹhẹlẹ kó o tó gun òkè délé, má wulẹ̀ ní ọjọ́ orí ni. Ó lè jẹ́ pé ọkàn rẹ ló ti rẹ̀. Ìwádìí THESUS-HF tó jáde ní 2012, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 9 nílẹ̀ Áfíríkà, tó fi mọ́ Nàìjíríà, fi hàn pé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọdún 52 lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú nínú ohun tó fà á. Lọ ṣàyẹ̀wò: láti Ayédé wa ní Èkìtì, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà nítòsí ní Ìdó-Èkìtì.

Oògùn tí wọ́n á kó fún ọ á pọ̀. Má fòyà.

Furosemide, Lasix tí gbogbo wa mọ̀, ni mo fẹ́ràn jù, torí kì í fiṣẹ́ rẹ̀ pamọ́: omi tó wú ẹsẹ̀ á bá ìtọ̀ jáde. Àárọ̀ ni kó o lò ó. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, má jẹ́ kí ìkejì kọjá ọ̀sán, àfi bó o bá fẹ́ fi òru ṣọ́ ilé ìtọ̀. Lọ́jọ́ tó o bá máa wọ mọ́tò lọ sí Ìdó ńkọ́? Bi dókítà bóyá o lè sún un di ìgbà tó o bá padà délé. Tèmi gbà fún mi. Ta ló fẹ́ máa bẹ dẹ́rẹ́bà kó dúró lẹ́bàá igbó?

Lisinopril, carvedilol àti spironolactone kì í pariwo. O lè má mọ̀ pé wọ́n ń ṣe nǹkan kan, síbẹ̀ àwọn gan-an ló ń fi kún ẹ̀mí ẹni. Nítorí náà, má pa wọ́n tì torí pé ara ti yá. Carvedilol lè kọ́kọ́ mú kó rẹ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí kékeré. Àmọ́ dídá a dúró lójijì léwu. Bí lisinopril bá fún ọ ní ikọ́ gbígbẹ, má ra oògùn ikọ́. Dókítà lè fi losartan rọ́pò rẹ̀. Spironolactone ń mú kí potassium pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà má sá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bó o bá ṣì fẹ́ bímọ, tètè sọ fún wọn, torí lisinopril àti losartan lè ṣe ọmọ inú léṣe.

Ẹ̀yìn ń ro ọ́ lẹ́yìn iyán gígún? Yàgò fún ibuprofen àti diclofenac: wọ́n ń dá omi dúró sára. Sọ fún oníkẹ́míìsì pé oògùn ọkàn lò ń lò kó tó po ohunkóhun fún ọ.

Iyán ò sì ṣẹ̀ wá o! A kì í fi iyọ̀ gún un. Ọbẹ̀ ló ń dá wa lẹ́jọ́: iyọ̀, Maggi, káún. Èmi fi ata, àlùbọ́sà àti ẹfinrin dípò, ọkọ mi ò tíì fura.

Ra òṣùwọ̀n, kó o lè mọ̀ bí omi bá tún ń dúró sára. Láràárọ̀, lẹ́yìn tó o bá tọ̀, kó o tó jẹun, gùn ún, kó o kọ iye rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ tó wà lára ògiri. Bó bá fi kílò 2 lé sí i láàárín ọjọ́ 3, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ kó o tó lọ rí dókítà.